Àjẹ́ Àná àti Ewé Igi Páìnì

Òwe kan wà tí àwọn baba wa máa ń pa nígbà tí ibi bá tẹ̀ lé ibi, tí ìka gbogbo ayé sì nà sí ẹnì kan ṣoṣo: wọ́n á ní, àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Òwe náà dùn létí, ó sì ti dá ẹ̀bi fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí adájọ́ kankan kò gbọ́ ẹjọ́ wọn rí. Nítorí pé ó so ohun méjì tí ojú rí pọ̀, igbe àti ikú, kò sì fi àyè sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni béèrè ohun tí ó ti ń ṣe ọmọ náà kí àjẹ́ tó ké. Èmi kò kẹ́gàn òwe àwọn baba wa, nítorí pé òwe ni ẹṣin ọ̀rọ̀, ẹni tí ó bá sì kẹ́gàn ẹṣin yóò fẹsẹ̀ rìn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi igi kan, àní igi àjèjì tí àwọn baba ńlá wa kò kì ní oríkì, yẹ òwe yìí wò, kí n sì béèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ̀yin Kristẹni àti ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń wo ojú ọpọ́n Ifá pé: nígbà tí ohun tí a fẹ́ràn bá ń rọ níṣojú wa, kí ni ìgbàgbọ́ ní kí a kọ́kọ́ béèrè?

Ìwó ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí, Ìwó Olódò Ọbà, ìlú odídẹrẹ́, níbi tí Mùsùlùmí ti jọba láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà ayé Olúwòó Mọ́mọ́dù Lámúyẹ. Ìlú kan náà ni àwọn Onítẹ̀bọmi fi ṣe ibùdó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ wọn, tí wọ́n sì wá dá Yunifásítì Bowen sílẹ̀ sí ní 2001, ní ìrántí Thomas Jefferson Bowen, òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ó ti Amẹ́ríkà gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ wa ní 1850. Ṣàṣà ni ilé tí a lè wọ̀ ní Ìwó tí a kò ní bá Kùránì tàbí Bíbélì, ilé mìíràn sì wà tí a ó ti bá méjèèjì lórí tábìlì kan náà. Nítorí náà, bí a bá ṣi ẹjọ́ dá ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, a kò lè sọ pé àìmọ Ọlọ́run ni ó fà á.

Igi méjì ni àwọn ènìyàn wa ń pè ní páìnì, ó sì yẹ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀. Èkínní ni Casuarina, èyí tí ń súfèé bí atẹ́gùn bá fẹ́ lù ú. Ohun tí a ń pè ní ewé rẹ̀ kì í ṣe ewé, ẹ̀ka tín-ín-rín ni, tí yóò já ní oríkèé oríkèé bí a bá fà á, ewé rẹ̀ gan-an sì ni àwọn eyín wẹ́wẹ́ tí ó yí oríkèé kọ̀ọ̀kan ká. Èkejì ni páìnì gidi, èyí tí a mọ̀ jù nílẹ̀ Nàìjíríà nínú wọn sì ni Pinus caribaea, ọmọ ilẹ̀ Kúbà, Bahamas àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, tí ewé rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 25, tí mẹ́ta mẹ́ta sì sábà máa ń jáde láti inú àpò kan náà. Páìnì gidi yìí ni mo ń bá lọ.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìgbó kọ́kọ́ gbìn ín lórílẹ̀-èdè wa, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, hóró rẹ̀ hù dáadáa, àwọn ọmọ igi náà yọ orí, inú àwọn tí ó gbìn wọ́n sì dùn. Àmọ́ kò pẹ́ tí ewé wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tí wọ́n dúró sójú kan láì ga láì tóbi, tí púpọ̀ nínú wọn sì kú. Wọ́n bomi rin wọ́n, kò gbọ́. Wọ́n wá kòkòrò, wọn kò rí i. Ohun tí ó wá yanjú ọ̀ràn náà kò ju erùpẹ̀ lọ, erùpẹ̀ tí a bù láti ìdí àwọn páìnì tí ó ti dàgbà níbòmíràn, nítorí pé àwọn olú kan wà nínú rẹ̀ tí ń lọ́ mọ́ gbòǹgbò páìnì, tí ń bá a fa oúnjẹ láti inú ilẹ̀, tí páìnì náà sì ń fún wọn ní ṣúgà tí ó ti fi ìtànṣán oòrùn ṣe. Ilẹ̀ wa kò ní irú olú bẹ́ẹ̀, nítorí pé irú igi bẹ́ẹ̀ kò hù níbẹ̀ rí. Bí ènìyàn bá wá béèrè pé ta ni ó pa àwọn ọmọ igi ìgbà náà, orúkọ ta ni a ó dá? Kò sí ẹni tí ó ké lánàá. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ó pa wọ́n, àìsí kò sì ní ojú tí a lè nàka sí. Mo gbà pé ìdí kan tí ọkàn ènìyàn fi ń sáré wá ọ̀tá ni èyí, pé ó rọrùn láti kórìíra ẹni tí ó wà ju láti mọ ohun tí kò sí lọ.

Agboolé kan wà ní Ìwó tí n kò ní dárúkọ, tí páìnì kan dúró sí ojúde wọn láti ìgbà tí baba wọn, tí ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́ nígbà ayé rẹ̀, ti gbìn ín. Igi náà ga ju òrùlé lọ, ó sì ti di ohun tí àlejò fi ń mọ ilé. Láìpẹ́ yìí ni ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Orí rẹ̀ tí ó dí tẹ́lẹ̀ wá ń fi ojú ọ̀run hàn, àwọn ẹ̀ka tí ó kọjú sí ẹnu géètì pọ́n láti ṣóńṣó wọn wá sí inú, ìyókù sì ń tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Nínú ilé náà, wọ́n ti mọ ẹni tí ó ṣe é kí n tó débẹ̀. Ìyá arúgbó kan, opó tí ń ta ẹ̀kọ, a máa jókòó sí abẹ́ igi náà lọ́sàn-án, ní ọjọ́ kan ó sì gbójú sókè, ó ní: igi yìí mà kúkú dàgbà o, bí ẹni pé kò ní kú láéláé. Ọ̀rọ̀ ìyìn ni ó sọ. Kò tó oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ẹ̀rí wo ni a tún ń wá? Wọ́n ti ké sí ààfáà, wọ́n ti ṣe ìṣọ́ òru, wọ́n ti dárúkọ ìyá náà nínú àdúrà méjèèjì.

Mo lóṣòó ti ìdí igi náà. Igi tí ó bá dúró dáadáa a máa fẹ̀ ní ìsàlẹ̀, níbi tí gbòǹgbò ti ń ya kúrò lára ìtì, kí ó tó wọlẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí wọlẹ̀ ṣánṣán bí òpó iná. Mo gba àdá, mo wa ilẹ̀ níbẹ̀, erùpẹ̀ pupa tí wọ́n fi tírélà kó wá ni mo kọ́kọ́ bá, tí ó ki pọ́pọ́. Mo wà á tó ìdajì ẹsẹ̀ kí n tó kan ilẹ̀ àtijọ́, níbi tí ewé páìnì ọdún pípẹ́ ṣì tẹ́ sí, tí ó ti dúdú, tí ó sì ń rùn. Èèpo igi náà níbi tí erùpẹ̀ bò mọ́lẹ̀ ti rọ̀, èékánná mi wọ inú rẹ̀ láìfi agbára sí i. Àwọn gbòǹgbò wẹ́wẹ́ tí ó yẹ kí ó máa fa omi kò ní ẹ̀mí mọ́. Èyí tí mo fà nínú wọn, awọ rẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́, ó ku fọ́nrán. Lókè gbogbo èyí, íntálọ́ọ̀kì ni wọ́n tò láti ẹnu géètì títí dé ara ìtì, ọ̀gangan ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn ẹ̀ka tí ó kọ́kọ́ pọ́n wà. Mo béèrè ìgbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ yìí. Wọ́n ní ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta, nígbà tí àkọ́bí baba náà ti òkè òkun dé, tí ó ní àgbàrá kò gbọdọ̀ wọ ilé baba òun mọ́, tí ó sì fẹ́ kí ojúde náà yẹ ẹni tí ó ni ín.

Ọmọ náà kò ṣe ibi kankan ní èrò rẹ̀. Ìfẹ́ baba rẹ̀ ni ó fi kó erùpẹ̀ lé gbòǹgbò igi baba rẹ̀. Gbòǹgbò ń mí. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń wá oúnjẹ kò jìnnà sí ojú ilẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ wà, bí a bá sì bò wọ́n, tí a tún fi òkúta dí ọ̀nà omi àti afẹ́fẹ́ mọ́ wọn, wọn yóò máa kú ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n orí igi kò ní mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ewé páìnì a máa lo ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lára igi, ìtì àti gbòǹgbò sì ní ohun tí wọ́n ti tọ́jú pamọ́. Nítorí náà ọ̀dá ọdún kan, tàbí ọgbẹ́ gbòǹgbò, lè máà hàn lójú ewé títí di ọdún kejì tàbí ìkẹta, nígbà tí bíríkìlà ti gba owó rẹ̀ lọ, tí ọmọ ti padà sí òkè òkun, tí ó sì jẹ́ pé ìyá ẹlẹ́kọ nìkan ni ó ṣẹ́ kù lábẹ́ igi. Òwe wa ní àjẹ́ àná. Igi náà ní ẹ má wo àná, ẹ wo ìjẹta.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ń ṣe páìnì kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ béèrè bóyá ewé pọ́n, nítorí pé kò sí páìnì tí ewé rẹ̀ kì í pọ́n. Ibi tí ó ti pọ́n ni kí ó wò. Bí ó bá jẹ́ àwọn ewé inú, tí ó súnmọ́ ìtì, tí àwọn ti ṣóńṣó ẹ̀ka sì tutù yọ̀yọ̀, ewé àgbà ni ó ń bọ́, igi náà ń ṣe ohun tí Ẹlẹ́dàá dá a láti ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gé igi tí ara rẹ̀ le nítorí èyí, pàápàá lásìkò ọyẹ́ nígbà tí ewé inú bọ́ sílẹ̀ jàùjàù. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọ̀mùnú ni ó ń pọ́n, tí ewé tuntun kúrú tí kò lè gùn mọ́, tí ewé ọdún tí ó kọjá sì ń bọ́ ṣáájú àkókò tí ó fi jẹ́ pé ẹ̀ka ku ìrù lásán lórí, nígbà náà ni kí a dìde.

Ìyàtọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa rárá. Nígbà tí arúgbó tí ó ti rí ọmọ àti ọmọ-ọmọ bá papò dà, a kì í sọ pé ó kú, a ní ó lọ sílé. A ó pa màlúù, a ó dá aṣọ ẹbí, onílù yóò sì ki í títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dọ́ bá kú, òkú ọ̀fọ̀ ni, a kì í lùlù sí i, àwọn òbí rẹ̀ kì í sì í mọ ojú ibojì rẹ̀. Ikú kan náà ni, ibi tí ó ti wọlé ni ó yàtọ̀. Àwọn baba wa mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ikú ni ọ̀tá. Wọ́n mọ èyí lórí ènìyàn, àwa ni a kò mọ̀ ọ́n lórí igi, bẹ́ẹ̀ ni lórí ènìyàn pàápàá, a ti ń gbàgbé rẹ̀ lóde òní, nítorí pé mo ti gbọ́ tí wọ́n ń wá ẹni tí ó pa ìyá ẹni àádọ́rùn-ún ọdún.

Àwọn àrùn tí ń mú ọ̀mùnú páìnì kò ṣòro láti mọ̀ fún ẹni tí ó bá fara balẹ̀. Olú kan tí ń jẹ́ Diplodia a máa pa ṣóńṣó ẹ̀ka, pàápàá lára igi tí òùngbẹ tàbí ọgbẹ́ ti rẹ̀ sílẹ̀. Òmíràn, Dothistroma, a máa fi àmì pupa yí ewé ká, tí ewé yóò tutù ní ìdí, tí yóò sì gbẹ ní orí. Dothistroma yìí ni ó mú kí wọ́n ṣíwọ́ gbígbin Pinus radiata ní Kẹ́ńyà lẹ́yìn tí ó jà níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Ẹni tí ó bá mú ẹ̀ka kan tí ó ní ewé tútù àti ewé gbígbẹ lọ bá àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Bowen, tàbí àwọn ti Ilé Ìwádìí Igbó ní Jẹ́ríkò, Ìbàdàn, yóò rí ẹni tí yóò bá a wò ó.

Èyí tí mo fẹ́ kí a dúró lé ni ti Japan, nítorí pé òun ni ó fi òwe wa sí ẹnu ìwọ̀n jù. Ní 1905, ní Nagasaki, wọ́n ṣàkíyèsí pé àwọn páìnì ń kú lójijì. Igi tí ó tutù ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn yóò ti pọ́n láti orí dé ìdí kí oṣù díẹ̀ tó kọjá, ewé rẹ̀ gbígbẹ yóò sì rọ̀ mọ́ ọn lára. Àwọn ọ̀mọ̀wé bó èèpo àwọn igi tí ó kú, wọ́n bá kòkòrò tí ń gbẹ́ igi lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì dá ẹjọ́ náà: kòkòrò wọ̀nyí ni apànìyàn. Orí ìdájọ́ yìí ni wọ́n wà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún tí igi ń kú lọ, títí di 1971 tí Kiyohara àti Tokushige fi hàn pé aràn kan tí gígùn rẹ̀ kò ju mìlímítà kan lọ ni ó ń dí ọ̀nà omi nínú igi, aràn tí ó ti Àríwá Amẹ́ríkà wá, tí àwọn páìnì ti ọ̀hún ti ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ láìkú. Kòkòrò mìíràn ni ó ń gbé aràn náà láti igi dé igi. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n bá lábẹ́ èèpo kàn gbóòórùn igi tí ń kú lọ ni, tí wọ́n wá jẹun. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni wọ́n fi dá àwọn àlejò òkú lẹ́bi. Wọn kò sì tún jẹ́ òpè, wọ́n ní ìwé, wọ́n ní awò amú-nǹkan-tóbi. Síbẹ̀ ẹni tí wọ́n bá níbi òkú ni wọ́n mú. Bí irú àwọn bẹ́ẹ̀ bá lè ṣi ẹjọ́ dá fún ìgbà tí ó pẹ́ tó báyìí, kí ni kí a wá sọ nípa ẹjọ́ tí a fi òru kan ṣoṣo dá lórí ìyá ẹlẹ́kọ?

Ẹ jẹ́ kí a ṣí àwọn ìwé tí ó wà lórí tábìlì wa. Nínú Ìhìnrere Lúùkù, orí kẹtàlá, Jésù mẹ́nu ba àwọn 18 tí ilé ìṣọ́ wó pa ní Sílóámù, ó sì kọ̀ fún àwọn ènìyàn láti gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tí ó kú pọ̀ ju ti àwọn tí ó yè lọ. Lẹ́yìn èyí gan-an ni ó pa òwe igi ọ̀pọ̀tọ́ tí kò so, tí olówó rẹ̀ ní kí a gé e, tí olùtọ́jú ọgbà sì bẹ̀bẹ̀ fún ọdún kan sí i kí òun lè walẹ̀ yí i ká, kí òun sì bu ilẹ̀dú sí i. Èmi kò gbà pé èèṣì ni ọ̀rọ̀ méjèèjì fi tẹ̀ lé ara wọn. Ó gba ìbéèrè ta ni ó ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ wọn, ó sì fi ọkọ́ rọ́pò rẹ̀. Nínú Kùránì ẹ̀wẹ̀, Súrátù Hújúrátì kìlọ̀ fún àwọn onígbàgbọ́ pé kí wọ́n jìnnà sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àbá dídá sí ẹlòmíràn, nítorí pé apá kan rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ó sì pàṣẹ nínú súrà kan náà pé kí wọ́n wádìí ìròyìn dájú kí wọ́n má baà ṣe àwọn ènìyàn ní ibi láìmọ̀. Àwọn tí ń dá Ifá pàápàá kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹnikẹ́ni: lẹ́yìn tí odù bá ti hàn, ìbò ni wọn yóò fi béèrè bóyá ire ni tàbí ibi, bí ó bá sì jẹ́ ibi, irú ibi wo ni, ikú ni, àrùn ni, àbí òfò ni. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ mọ̀. Ojú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé síbí, a sì ti yà kúrò nínú wọn.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣé mo wá ń sọ pé kò sí aṣebi láyé ni? Rárá o. Ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Ẹ̀dá burúkú wà tí ó lè fi àdá gbá èèpo igi yíká, tí ó sì lè da epo dísù tàbí iyọ̀ sí ìdí rẹ̀ lóru. Ṣùgbọ́n ọwọ́ bẹ́ẹ̀ a máa fi àpá sílẹ̀: èèpo yóò fi ojú àdá hàn, koríko ìdí igi yóò kú pẹ̀lú rẹ̀, àwọn ewéko mìíràn nítòsí yóò jọ jẹ ìyà náà. A kò ní kí a má fura. A ní kí ìfura lọ wo ilẹ̀ kí ó tó wo ojú ènìyàn.

Ẹlòmíràn yóò ní, Ọlọ́run ni ó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, ewé kan kì í já láìjẹ́ pé ó mọ̀, gẹ́gẹ́ bí Súrátù Aná'ámù ti wí. Mo ní òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ náà sì ga ju bí a ti ń lò ó lọ. Ọba tí ó mọ bí ewé kọ̀ọ̀kan ti ń já mọ ìdí tí ó fi já pẹ̀lú, ìmọ̀ rẹ̀ kò sì fún wa ní àyè láti wà nínú àìmọ̀. Ànábì kan náà tí ó kọ́ni ní ìgbáralé Ọlọ́run ni ó ní kí ọkùnrin kan so ràkúnmí rẹ̀ mọ́lẹ̀ ná. Ẹni tí ó bá ń fi kádàrá bo erùpẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kó lé gbòǹgbò, kì í ṣe Ọlọ́run ni ó ń yìn, ara rẹ̀ ni ó ń gbà sílẹ̀.

Wọ́n ti ń kó erùpẹ̀ náà kúrò ní agboolé yẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kó o nítòsí ìtì kí ọkọ́ má baà ṣá gbòǹgbò tí ó kù, wọ́n sì ti hú íntálọ́ọ̀kì sẹ́yìn títí dé ibi tí òjìji ẹ̀ka parí sí. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n tẹ́ ewé páìnì gbígbẹ sí i, kí wọ́n má tètè bu ajílẹ̀ sí i, nítorí pé gbòǹgbò tí ń ṣàìsàn kò lè gbé e. Igi náà lè yè, ó sì lè kú. Ọdún mẹ́ta lábẹ́ erùpẹ̀ kì í ṣe kékeré, bí ọ̀mùnú kò bá sì yọ lórí rẹ̀ lẹ́yìn òjò méjì, kí wọ́n gé e kí ó tó wó lu ilé. Ṣùgbọ́n ìyá ẹlẹ́kọ ti kó igbá rẹ̀ lọ sí òdìkejì títì, àwọn ọmọdé ilé náà kò sì kúnlẹ̀ kí i mọ́. Kò sí ẹni tí ó tíì lọ bá a. Mo ti sọ fún àkọ́bí náà lórí fóònù pé òun ni ó yẹ kí ó ṣáájú, kí ààfáà àti àwọn tí ó ṣe ìṣọ́ òru sì bá a lọ, nítorí pé iwájú wọn ni a ti dárúkọ rẹ̀. Kí wọ́n mú obì dání, kí wọ́n lọ ní ọ̀sán gangan nígbà tí àwọn oníbàárà rẹ̀ pọ̀, kí wọ́n sì sọ fún un ní ohùn tí gbogbo ojú títì yóò gbọ́ pé kò ṣe nǹkan kan.